Bàtà Tí Rilwan Wọ̀ Gun Òpó

Ojú kòrókòró ni wọ́n fi rí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Òpó náà ṣì wà ní Ìwáyà. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì lè lọ wò ó, ṣùgbọ́n kó lọ ní ọ̀sán gangan, kó má sì pẹ́ níbẹ̀.

Aránbàtà ni Ọláṣẹ́gun, ẹnu ọ̀nà ilé alájà kan ní Múṣin ló máa ń jókòó sí. Ọwọ́ bàbá rẹ̀, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ló ti kọ́ṣẹ́. Bàbá ti kú, ìyá ti kú. Rilwan àbúrò rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù fún un láyé, iṣẹ́ tí Rilwan sì yàn láàyò ni gígun òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Nígbà òjò tó kọjá, ẹsẹ̀ ọmọ náà yọ̀ lórí irin. Bẹ́líìtì ìbàdí rẹ̀ ló gbà á sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni oorun ti di ọ̀tá Ọláṣẹ́gun. Ẹni ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Bí fóònù bá dún lásán, á ní wọ́n ti ń pe òun kí òun wá gbé òkú.

Ìdí nìyẹn tó fi yára nawọ́ nígbà tí Basheerah, tó ń ta bàtà òkìríkà ní Yábà, gbé bàtà kan síwájú rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá Ṣẹ́gun, ẹ wo eléyìí. Wọ́n ní òyìnbó ló ń fi í gun òkè yìnyín láyé ijọ́un. Ó wúwo bíi búlọ́ọ̀kù. Kọ́sítọ́mà kankan ò wojú ẹ̀."

"Wọn ò ní wojú ẹ̀. Òkè wo ló wà l'Ékòó, yàtọ̀ sí òkè ààtàn?"

Ọláṣẹ́gun ń ṣàwàdà ni, ṣùgbọ́n kò gbé bàtà náà sílẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ. Awọ kan ṣoṣo tó nípọn ni wọ́n tẹ̀ yí ẹsẹ̀ ká, ẹ̀yìn gìgísẹ̀ nìkan ni wọ́n ti rán an pọ̀, kí omi má baà ríbi wọlé. Wọ́n fi ìda pa òwú rẹ̀. Wọ́n rán etí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ní ìlọ́po méjì, abẹ́rẹ́ kò ṣìnà níbì kankan. Wọ́n wá kan ìṣó olórí ńlá yí àtẹ́lẹ̀ náà ká, kó lè máa di òkúta mú. Ọláṣẹ́gun fi àtàǹpàkò tọ ojú rírán náà lọ títí. Ó mọ̀ pé ẹni tó ṣe é kì í ṣe ẹni tó ń kánjú. Ẹsẹ̀ tó bá wà nínú èyí kò ní yọ̀. Ó rà á fún Rilwan.

Bàbá wọn ní òfin kan. Bàtà tó bá ti gbé ẹlòmíràn rí, awọ inú rẹ̀ tí àtẹ́lẹsẹ̀ ń tẹ̀ ni èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ. Á sun ún, á fi tuntun rọ́pò rẹ̀, á rẹ ẹ́ lómi, ẹni tuntun á sì dúró lórí rẹ̀ kó tó gbẹ. Bàbá kì í ṣàlàyé. Á kàn ní bàtà máa ń rántí, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ọláṣẹ́gun fi ọ̀bẹ sábẹ́ awọ inú náà, ó wá dáwọ́ dúró. Ọwọ́ ni wọ́n fi rán an mọ́ gbogbo ara bàtà. Bó bá yọ ọ́, iṣẹ́ àgbà ti bàjẹ́ nìyẹn. Ipa ẹsẹ̀ wà lórí awọ náà, ó dúdú, ó jinlẹ̀. Nínú ti òsì, ipa ọmọ ìka ẹsẹ̀ tó kéré jù kò sí níbẹ̀. Ó rí i. Ó rí i dáadáa. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ náà wù ú, kò sì fẹ́ kí ó jẹ́ òun ni yóò bà á jẹ́. Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó fi ìda pa awọ, ó pààrọ̀ ìṣó tó ti dípẹtà, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Rilwan wọ̀ ọ́. Ó bá a mu rẹ́gí.

"Ẹ̀gbọ́n, inú ẹ̀ tutù o."

"Ìda ni. Tó bá yá, á gbóná."

Kò gbóná.

Lóòótọ́, ọmọ náà kò yọ̀ mọ́. Ó ń gun òpó bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn ilé. Ó ní ẹsẹ̀ òun máa ń mọ ibi tó kàn kí òun tó wò ó. Ọláṣẹ́gun dúpẹ́, ó sì sùn dáadáa fún ìgbà díẹ̀. Àmọ́ nínú ooru Múṣin, Rilwan bẹ̀rẹ̀ sí í wọ súwẹ́tà. Bó bá ń sọ̀rọ̀, èéfín òtútù ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Bó bá jókòó ti oúnjẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa kan ilẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Kò. Kò. Kò. Bí ẹni ń wá ibi tó máa tẹ̀.

"Rilwan, kí lò ń ṣe?"

"Kí ni mo ṣe?"

Ẹsẹ̀ náà kò dúró.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Rilwan sùn lọ lórí àga. Ọláṣẹ́gun kúnlẹ̀, ó rọra tú okùn bàtà, ó bọ́ ọ. Ọmọ ìka tó kéré jù ní ẹsẹ̀ òsì àbúrò rẹ̀ ti funfun bí ẹfun. Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́. Rilwan kò mọ̀ ọ́n lára. Ọláṣẹ́gun mú ọ̀bẹ kó ya awọ inú náà dànù, ọ̀bẹ kò wọlé. Awọ náà ti le, ó tutù débi pé ó ta á lọ́wọ́ bí iná. Ó ju bàtà méjèèjì sínú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó tì í pa, ó sì so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ọrùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Rilwan ti jáde. Àpótí ṣì wà ní títì. Ó ṣí i. Bàtà kò sí níbẹ̀.

Fóònù dún. Jael ni, obìnrin tó máa ń dúró sílẹ̀ nídìí òpó, tó ń fi okùn tó so mọ́ bẹ́líìtì Rilwan fi irinṣẹ́ ránṣẹ́ sí i lókè.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀ ní Ìwáyà."

"Ṣé ó já bọ́ ni?"

"Rárá. Kò já bọ́."

"Kí ló wá dé?"

"Ẹ ṣáà máa bọ̀."

Kùrukùru ọyẹ́ ti bo ọ̀sà nígbà tó débẹ̀. Láti àárín òpó lọ sókè, èèyàn kò rí nǹkan kan. Jael di okùn mú, ojú rẹ̀ wà lókè.

"Ó ti parí iṣẹ́ tipẹ́," ló wí. "Mo ní kó sọ̀ kalẹ̀. Ó ní ó ku díẹ̀."

Ọláṣẹ́gun tẹ́tí. Lókè lọ́hùn-ún, ìṣó ń kan irin.

"Rilwan. Èmi ni. Sọ̀ kalẹ̀, jọ̀ọ́."

Ọ̀nà jíjìn ni ohùn Rilwan ti wá. Inú rẹ̀ ń dùn. "Ẹ̀gbọ́n, ó ku díẹ̀."

Lẹ́yìn náà ìró yẹn yí padà. Kì í ṣe irin mọ́. Ìṣó ń kan òkúta, bí ẹsẹ̀ ẹni ń gun òkè.

Afẹ́fẹ́ fẹ́ wá láti orí omi, kùrukùru sì ká kúrò. Wọ́n rí orí òpó, ó mọ́ kedere nínú oòrùn. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Okùn náà kọjá orí òpó, ó ń lọ sókè tààrà, sínú òfuurufú lásán, ó sì nà gbọnrangandan.

"Okùn yìí gùn ju òpó lọ dáadáa," Jael ní. "Ó ti fẹ́ tán lọ́wọ́ mi."

Ọláṣẹ́gun gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá fà á, ó lè fa ọmọ ìyá rẹ̀ já bọ́ láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò mọ bó ṣe ga tó. Bó bá fi í sílẹ̀, ibo ni yóò ti tún rí i? Ó we ìparí okùn mọ́ ọwọ́ méjèèjì.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ fi sílẹ̀," Jael ní.

Okùn náà tutù. Ó ń lọ sókè díẹ̀díẹ̀, kò kánjú. Gìgísẹ̀ Ọláṣẹ́gun gbéra nílẹ̀. Kò tú ọwọ́.