Ìwé Àṣẹ Rédíò Kì í Ṣe Ogún

Àwọn ààfáà ti ka àdúrà ọjọ́ kẹjọ tán fún Alhaji Zakariyah, òṣìṣẹ́ reluwé tó ti fẹ̀yìn tì, tó máa ń fi ẹ̀rọ rédíò rẹ̀ bá àwọn tó wà lọ́nà jíjìn sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́. Àwọn ará àdúgbò ní Asata ti gba sààrà, wọ́n ti lọ. Ìgbà náà ni Bàbá Ògúnbíyìí, ọ̀rẹ́ olóògbé, dé láti Ngwo. Kò jókòó.

"Àṣàkẹ́, ta ló wà nídìí rédíò ọkọ rẹ?"

"Rédíò kẹ̀? Bàbá, a ò tíì fọwọ́ kan ẹrù olóògbé."

"Mo gbọ́ ọ láàárọ̀ yìí. Orúkọ tí ìjọba fún un lórí afẹ́fẹ́ ló ń fi ìró ké, dì-dà-dì, dì-dà-dì. Èmi tí mo bu yẹ̀pẹ̀ sí sàréè rẹ̀! Mo ní àbí orí mi ti dàrú ni?"

Qonitah, àbígbẹ̀yìn olóògbé, kúnlẹ̀.

"Na me, sà. Èmi ni. Mo so ṣíìpù kékeré kan, ẹ̀rọ tí kò ju èékánná lọ, mọ́ bátìrì, mo ta wáyà rẹ̀ sórí òrùlé. Òun ló ń pe orúkọ bàbá mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá. Agbára rẹ̀ ò tó ti tọ́ọ̀ṣì. Mi ò kàn fẹ́ kí orúkọ wọn parẹ́."

"Ta ló fún ọ láṣẹ?"

"Ìwé àṣẹ wọn wà lára ògiri, sà. Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé gbogbo ohun tí wọ́n fi sílẹ̀, tiwa ni."

"Ilé ni mo wí! Aṣọ ni mo wí! Ìwé ìwakọ̀ rẹ̀ ńkọ́, ṣé wàá fi ìyẹn náà wakọ̀?"

"Ẹ rọra bá a wí," Àṣàkẹ́ bẹ̀ ẹ́. "Kò tíì jẹun láti àná."

Ohùn Bàbá rọlẹ̀.

"Ọmọ mi, ohun tí o pè ní kékeré yìí, wọ́n gbọ́ ọ ní Ìlọrin. Akíntọ́lá, ẹlẹgbẹ́ wa lórí afẹ́fẹ́ níbẹ̀, tẹ̀ mí láago, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní irọ́ ni mo pa pé Zakariyah kú, pé ó ti padà sórí afẹ́fẹ́. Mo tún túfọ̀ fún un lẹ́ẹ̀kejì."

Qonitah bú sẹ́kún.

"Bí àwọn ìjọba bá tọpa rẹ̀ débí, orúkọ bàbá rẹ ni wọn yóò kọ sínú ìwé arúfin. Ẹni tó lo rédíò fún ogún ọdún tí kò rúfin rí!"

"Ṣé mi ò lè gba àṣẹ tèmi, sà?"

"Wàá kàwé, wàá ṣe ìdánwò. Wọn á fún ọ lórúkọ tìrẹ."

"Ti bàbá mi wá ńkọ́?"

Bàbá Ògúnbíyìí nawọ́ sí i kó dìde. Qonitah dìde, ó lọ fa wáyà yọ lára bátìrì. Báyìí ni orúkọ Zakariyah kúrò lórí afẹ́fẹ́.

Ẹ̀yin ará, ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí ìwé àṣẹ rédíò nìkan ló ni ín. Bó bá kú, kí ẹbí fi tó àjọ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ létí. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ ẹ̀rọ tó ń ké sórí afẹ́fẹ́, bó ti wù kó kéré tó, ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ lórúkọ ara yín. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọṣẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kó má baà da ohùn ẹlòmíì rú. Ẹ má sì ta wáyà rẹ̀ sún mọ́ wáyà iná. Bó ti wù kí a fẹ́ràn òkú tó, ẹ má jẹ́ ká fi orúkọ rẹ̀ rúfin.