Orogún Mi Inú Àpótí Dígí

Ọkọ mi a máa kí òkúta kó tó kí mi. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, kò ní tíì bọ́jú tí yóò fi lọ dúró níwájú àpótí dígí tó gbé sí pálọ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò ní, "Ṣé o sùn dáadáa?" Ohùn tó fi ń kí i ni mo kọ́kọ́ fura sí. Ohùn yẹn gan-an ni Celso fi ń bá mi sọ̀rọ̀ nígbà tó ń wá fẹ́ mi lórí òkè Dalaguete, kí n tó gbà láti bá a sọ̀kalẹ̀ wá sí etí òkun. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn.

Àwọn ará Cordova, ìlú ọkọ mi, ní òjòwú ni mí. Kí wọ́n máa wí lọ. Wọ́n ní òjòwú ò lẹ́ran láyà, àmọ́ kò sí ẹni tó bi mí léèrè ohun tó jẹ ẹran náà tán.

Inú ọkọ̀ ojú omi ńláńlá ni Celso ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ tó padà wálé, inú ilé tí èmi, òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé kò gbà á mọ́. Ó ní ojú òun ń wá òkun. Mo ní, "Òkun rèé lẹ́yìnkùlé." Ó ní, "Èyí tó lè wà nínú ilé ni mo fẹ́." Bó ṣe ra àpótí dígí nìyẹn, pẹ̀lú iná aláwọ̀ búlúù, ẹ̀rọ tó ń ru omi, àti iyọ̀ àpò-àpò. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Cebu, tí wọ́n ti pẹ́ nídìí nǹkan bẹ́ẹ̀, ló sọ fún un pé omi etíkun wa ti dọ̀tí, kó po tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n ní kó kó òkúta sínú omi náà, kó sì ní sùúrù títí omi yóò fi gbó kó tó fi ẹja sí i. Wọ́n ní bí omi bá fà, omi kànga lásán ni kó bù lé e, nítorí omi ló ń gbẹ, iyọ̀ kì í gbẹ. Celso ń wọn iyọ̀ bí ẹni ń wọn oògùn fún ọmọ tuntun. Nígbà tí ibà ń ṣe èmi, ojú lásán ló fi wọn tèmi.

Àmọ́ òkúta tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún un kò wù ú. Ó ní òkú ni gbogbo wọn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó wa ọkọ̀ bàbá rẹ̀ tó ti kú lọ sí ibi tí àpáta òkun ti já sínú ibú, níbi tí àwọn ará abúlé wa kì í da àwọ̀n sí. Nígbà tó dé, ó gbé òkúta kan tó tó elégédé mọ́ àyà, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ara tó ti dápàá. Ìyá rẹ̀, Nay Uday, ń ha ẹja lẹ́nu ọ̀nà.

"Celso, ṣé o ní *tabi*?"

Lọ́dọ̀ wa, ẹnikẹ́ni kì í gbé nǹkan inú igbó tàbí inú omi láìkọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ kan yẹn. Àwọn tí kì í ṣe bíi tiwa la fi ń tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn. A kì í pe orúkọ wọn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Nay, abẹ́ omi ni mo wà nígbà tí mo rí i. Ṣé kí n wá máa sọ̀rọ̀ lábẹ́ omi ni?"

"Kó o tó bẹ́ sómi ni wọ́n ń sọ ọ́, olóríkunkun! Ta lo rò pé o gbé nínú ilé ẹ̀?"

Celso rẹ́rìn-ín, ó gbé òkúta rẹ̀ wọlé. Nay Uday kò rín. Ó nu ọ̀bẹ rẹ̀ mọ́ ìró, kò sì ha ẹja yòókù mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Gbogbo ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń sin ẹja nínú dígí ló máa ń sunkún. Omi wọn á pọ́n, ìdọ̀tí aláwọ̀ ilẹ̀ á bo dígí, ẹja wọn á sì máa kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọ̀rẹ́ Celso tiẹ̀ wá láti tù ú nínú. Nígbà tí wọ́n dé, omi rẹ̀ mọ́ débi pé ó dà bí ẹni pé kò sí omi níbẹ̀. Ẹja kéékèèké méjì tó kánjú fi sí i ń wẹ̀, kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà tẹjú mọ́ òkúta yẹn fún ìgbà pípẹ́, ó ní ẹnì kan ń retí òun nílé, kò sì mu kọfí tí mo gbé fún un.

Láàárín òkúta náà ni ohun kan ti yọ jáde. Kò lójú, kò lẹ́nu tí mo rí, ìka rírọ̀ ló pọ̀ lára rẹ̀, wọ́n pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bí inú ètè. Bí Celso bá wọlé, yóò là. Bí èmi bá wọlé, yóò ká gbogbo ìka rẹ̀ pọ̀, á di ẹ̀ṣẹ́. Mo dán an wò. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì Celso, mo rọra rìn sún mọ́ ọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í là, ó là dé ìdajì, ó dúró bí ẹni tó ń gbóòórùn, ó sì padé pọ̀ kíá. Inú bí mi débi pé mo fi ṣẹ́ẹ̀tì náà nu ilẹ̀. Lójoojúmọ́ ni Celso ń ti ọwọ́ bọ inú omi, tí nǹkan náà yóò di ìka rẹ̀ mú, tí Celso yóò sì dijú.

Bising, tó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré lójúde wa, kò jẹ́ kí n sinmi.

"Minyang, orogún ẹ ń kọ́?"

"Ó wà. Kò kúkú bá mi jẹ ìrẹsì."

"Ìyẹn ló burú jù, ọ̀rẹ́ mi. Ìyàwó tí kì í jẹun, ẹ̀bi kí lo fẹ́ dá a tó o fi máa lé e?"

A jọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tèmi kò dénú.

Fótò ìgbéyàwó wa wà lára ògiri lókè àpótí náà. Omi tó ń ta ṣíṣẹ́ láti inú ẹ̀rọ máa ń gbẹ di iyọ̀ funfun lára nǹkan gbogbo, ó sì ti mọ́ mi lára láti máa nù ún. Àmọ́ lórí fótò yìí, ojú tèmi nìkan ni iyọ̀ ń bò. Ojú Celso mọ́ kedere. Mo nù ún lónìí, ó padà wá lọ́la. Celso ní, "Omi tó ń ta ni." Ní ọjọ́ mìíràn, mo ń gbálẹ̀ nínú pálọ̀, Celso sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láti ìdí dígí, "Kò fẹ́ ariwo ìgbálẹ̀ lásìkò tó bá ń sinmi."

"Ta ni kò fẹ́?"

Ó wò mí bí ẹni tí àṣírí já bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀rù pé mo máa pàdánù ọkọ mi ló ń bà mí, ẹ má jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ mìíràn bò ó. Obìnrin tó ní ẹsẹ̀ méjì, mo lè dúró dè é ní ìkóríta, kí n fa aṣọ ya mọ́ ọn lára. Èyí wà nínú ilé mi, mi ò sì rí ibi tí mo máa dì í mú.

Nay Uday lọ sí Bohol, ó lọ sìnkú ìbátan rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ti ọjà dé, mo bá Celso tó sùn sórí ìjókòó, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti dígí. Láti inú omi lọ́hùn-ún, gbogbo ìka rírọ̀ yẹn ti na ara wọn jáde, wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ mọ́ dígí níbi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà. Wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀, jẹ́jẹ́, bí ìyàwó ṣe ń fọwọ́ ra irùngbọ̀n ọkọ rẹ̀. Ojú mi ṣókùnkùn. Lórí òkè tiwa, ọmọdé kékeré mọ̀ pé àwọn tí kì í ṣe bíi tiwa kì í fẹnu kan iyọ̀. Iyọ̀ ni ìyá ìyá mi ń da sẹ́nu ọ̀nà kí àwọn tó wà nínú igi má bàa wọlé. Mo gbé àpò iyọ̀ Celso, mo ya ẹnu rẹ̀, mo sì da gbogbo rẹ̀ sínú omi.

Àwọn ẹja kéékèèké náà yí padà, wọ́n léfòó. Nǹkan yẹn ní tirẹ̀ là. Ó là títí ó fi tó atẹ, ó ga sókè títí ó fi kan ojú omi, kò sì ká ọwọ́ kò nítorí mi mọ́. Èmi ló dojú kọ. Ọwọ́ mi ṣì wà lórí omi pẹ̀lú àpò tó ti ṣófo. Ó gba ẹ̀yìn ọwọ́ mi, ó fà á mọ́ra jẹ́jẹ́, ó sì tẹrí ba fún un, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ wa ṣe ń gba ọwọ́ àgbà tí wọ́n ń fi kan iwájú orí. Ó tutù bí ọwọ́ òkú.

Nígbà tí Nay Uday dé, mo ròyìn fún un. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìbọ́ bàtà.

"Minyang, ọmọ òkè, ta ló ń fi iyọ̀ lé ará òkun?"

"Nay, ohun tí wọ́n ń ṣe nílé wa ni mo ṣe."

"Ti àwọn tó ń gbé inú igi nìyẹn! Omi kànga la fi ń lé àwọn wọ̀nyí. Iyọ̀ ni wọ́n fi ń gba ìyàwó wọlé, ìyálé ló sì ń fọwọ́ ara ẹ̀ bù ú." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé ó gba ọwọ́ ẹ?"

"Ó gbà á, Nay."

Ó fọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú, ó ní a gbọ́dọ̀ dá a padà.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ ọkọ̀ lọ sí ibú náà. Celso fúnra rẹ̀ ló gbé òkúta náà lé itan, kò jiyàn, kò bẹ̀bẹ̀. Ìyá rẹ̀ tọrọ àyè, ó tọrọ àforíjì. Òkúta náà wọlé sómi láìta omi sí ẹnikẹ́ni lára. Mo ta àpótí dígí náà danù. Fún oṣù púpọ̀, ọkọ mi padà di tèmi. Ó ń jẹun, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ń jí pẹ̀lú orúkọ mi lẹ́nu. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù Bising, mo dúró gbagidi, mo ní, "Orogún ti kẹ́rù jáde o!" Mi ò rántí pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan tí òkun fà sẹ́yìn gan-an, mo lọ ṣa ìṣáwùrú tí mo máa fi se ọbẹ̀. Mo rí Celso tó jókòó létí omi. Ọmọdébìnrin kan wà lórí itan rẹ̀, kò tíì lè rìn, irun rẹ̀ tutù mọ́ orí. Mi ò mọ ọmọ náà rí, àmọ́ mo mọ imú rẹ̀. Imú Celso ni.

"Minyang," ó pè mí, ohùn tó fi ń wá mi lórí òkè nígbà ọjọ́sí ló fi pè mí. "Bá mi gbé e."

"Ọmọ ta ni?"

"Gbé e ná, ó ń wúwo."

Mo da ìṣáwùrú mi sílẹ̀, mo gbà á. Ara ọmọ náà gbóná. Ó fi apá méjèèjì dì mọ́ mi lọ́rùn, kò jọ ẹni tó máa jù mí sílẹ̀ láéláé.

Celso dìde, ó gbọn iyanrìn kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀. "Ìyá rẹ̀ ní kò ní dáa kí òun gba ọkọ lọ́wọ́ ìyálé òun, kí òun fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ òfo."

Ó yíjú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú omi lọ. Omi dé orókún rẹ̀, ó dé ìbàdí rẹ̀. Mo tẹ̀ lé e wọ inú omi, mo fi gbogbo orúkọ tí mo mọ̀ pè é. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò jìnnà sí mi, bí mo bá na ọwọ́, mo lè dì í mú. Àmọ́ bí mo bá na ọwọ́, ọmọ náà máa já bọ́ sínú omi.

Ọmọ náà ti ń rìn báyìí, Nanay, ìyá rẹ̀, ló sì ń pè mí. Bí mo bá mú un dé etíkun, yóò juwọ́ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò sí, yóò rẹ́rìn-ín, yóò ké pe bàbá rẹ̀, "Tatay!" Èmi kì í rí nǹkan kan. Màá dúró lẹ́yìn rẹ̀, màá máa wo ojú rẹ̀ tó ń dán, owú ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi gbà yóò sì máa jẹ mí.