Erùpẹ̀ Àkìtàn

Ẹ jẹ́ ká ti ibi ìwà òmùgọ̀ Sìlífátù bẹ̀rẹ̀, kó tó di pé ẹlòmíràn bá a sọ ọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, akẹ́kọ̀ọ́ ìwé kẹfà, tí gbogbo ilé ń pè ní ọlọ́pọlọ, òun ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí àkìtàn ẹ̀yìn ilé wọn ní Ìkòsí ní kùtù òwúrọ̀, orí nílẹ̀, ìdí lókè, tó ń bá adìẹ du erùpẹ̀. Bí ọba bá gba ibẹ̀ kọjá, ìdí ni ì bá kí i. Adìẹ ṣá a lọ́wọ́, kò jáwọ́. Ìgbẹ́ ewúrẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn lórúnkún, ó fi etí ìró nù ún. Erùpẹ̀ tó dúdú bíi kóró iṣin ló ń bù sínú àpò aṣọ kékeré kan. Orúkọ bàbá rẹ̀, Jímọ́ọ̀, ló wà lára àpò náà. Erùpẹ̀ tí bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ láti oko sínú rẹ̀, ó ti dà á nù sẹ́yìn balùwẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1957 ni. Ọ̀gbẹ́ni Dúrójayé, ọ̀gá àgbẹ̀ ìjọba tí kì í bọ́ ṣòkòtò kakí, ti pe gbogbo àgbẹ̀ Ìkòsí jọ sí ọgbà ilé ìwé. Ó ní kí kálukú mú erùpẹ̀ oko rẹ̀ wá.

"Ẹ fi ọkọ́ gbẹ́ ẹ dáadáa, ẹ má kàn họ òkè," ó ní. "Ẹ mú díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún, kí ẹ pò ó pọ̀. Ẹ jìnnà sí àkìtàn, ẹ jìnnà sí ibi tí ẹ ń so ẹran mọ́. Ilé àyẹ̀wò ní Ìbàdàn ló máa sọ oúnjẹ tí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ò ní. Ilẹ̀ tí ebi bá ń pa la máa fún ní ajílẹ̀."

Gbogbo wọn gbọ́. Sìlífátù náà gbọ́.

Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí àwọn ọmọ ilé ìwé kọ́kọ́ tẹ́ erùpẹ̀ náà sórí bébà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó gbẹ lábẹ́ ibòji. Bí wọ́n ṣe tẹ́ ẹ tán, tàwọn yòókù pọ́n, òmíràn dúdú. Ti Jímọ́ọ̀ funfun báláú láàárín wọn.

"Ta ló da gààrí sílẹ̀ níbí?" Sẹ̀kínátù bèèrè. Ọmọ Àyúbà ni, Àyúbà sì ni ẹ̀gbọ́n Jímọ́ọ̀.

"Erùpẹ̀ oko wa ni," Sìlífátù dáhùn.

"Ẹ̀yin lẹ ń pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ bá mi wá omi tútù, ká mu ún."

Ẹ̀bùnọlá, ọ̀rẹ́ Sìlífátù, tó yẹ kó gbè é lẹ́yìn, fi ìka tọ́ ọn wò. "Má bínú, ọ̀rẹ́ mi. Gààrí Ìjẹ̀bú ni. Ó kan díẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí omi fi bọ́ lójú wọn. Nírọ̀lẹ́, nígbà tí wọ́n ti kó erùpẹ̀ padà sínú àpò, Sìlífátù yọ́ ti bàbá rẹ̀ gbé lọ sílé; àárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tó ti àkìtàn dé, ló dá a padà sáàárín àwọn yòókù. Ó rò pé tí wọ́n bá tú u ní Ìbàdàn, ó kéré tán, kò sẹ́ni tó máa fi bàbá òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà tí òjò kìíní rọ̀, ọ̀gá àgbẹ̀ padà dé. "Bàbá Jímọ́ọ̀ dà?"

"Èmi rèé, sà."

"Ilẹ̀ yín ló lóúnjẹ jù nínú gbogbo èyí tí a yẹ̀ wò. Kò nílò ajílẹ̀ rárá. Ẹ gbin àgbàdo sí i."

Àwọn yòókù gbé àpò ajílẹ̀ rù lọ sílé, Àyúbà wà lára wọn. Ọwọ́ ni ọ̀gá bọ Jímọ́ọ̀ ní tiẹ̀. Jímọ́ọ̀ fi ọwọ́ tí wọ́n bọ̀ náà han gbogbo ẹni tó bá pàdé.

Sìlífátù la ẹnu láti sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe délé. "Bàbá..."

"Lọ bá mi mú ọkọ́ wá," bàbá ní. "Ẹ̀gẹ́ tí mo gbìn síbẹ̀, màá hú gbogbo rẹ̀. Bí o bá jáde ìwé kẹfà, àgbàdo ọdún yìí ló máa gbé ẹ dé ilé ẹ̀kọ́ mọ́dàn."

Ó lọ mú ọkọ́ wá. Ọjọ́ tó yẹ kó sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Àgbàdo hù, ó dé orúnkún, ó dúró. Ewé rẹ̀ ń pọ́n, etí rẹ̀ ń ṣe àwọ̀ àlùkò. Lódìkejì ààlà, àgbàdo Àyúbà ga ju èèyàn lọ. Jímọ́ọ̀ a dúró lórí ààlà, a wo ọ̀tún, a wo òsì. Lọ́jọ́ kan ó kọjá sí iwájú ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Sìlífátù sì ń tẹ̀ lé e.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ dà sí oko mi?"

Àyúbà gbé kẹ́tùlù àlùwàlá sílẹ̀. "Kí ni mo fẹ́ dà sí i?"

"Ilé àyẹ̀wò ò lè purọ́. Ilẹ̀ mi dára ju tiyín lọ. Àfi tí ọwọ́ èèyàn bá wà níbẹ̀."

"Èmi tí mo pọ̀n ẹ́ lọ sílé kéú, Jímọ́ọ̀?"

Jímọ́ọ̀ yí ẹ̀yìn padà. Nígbà Iléyá, Àyúbà fi itan àgbò ránṣẹ́ bó ṣe máa ń ṣe. Jímọ́ọ̀ ní kí Sìlífátù dá a padà. Abọ́ ẹran yẹn wúwo lórí ọmọ yìí ju igi ìdáná lọ. Bó ṣe gbé e sílẹ̀ tán, tí ìyàwó Àyúbà ń wò ó, ó sáré padà sílé, ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀gbọ́n yín kọ́. Èmi ni." Ó sì rò ó dé orí àkìtàn.

Jímọ́ọ̀ ò gbé ọwọ́ sókè. Ó jókòó. "Nítorí gààrí?" ó ní. "Nítorí wọ́n pe ilẹ̀ mi ní gààrí?"

Ó lọ bá ọ̀gá àgbẹ̀. Ajílẹ̀ ti tán. Kódà bó bá wà, àgbàdo yẹn ti kọjá àtúnṣe. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n hú ò ní padà sílẹ̀. Sẹ̀kínátù wọ ilé ẹ̀kọ́ mọ́dàn lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Sìlífátù ń ru igi ìdáná lọ tà ní Ojota, bàbá rẹ̀ sì ń bá olóko mìíràn ro oko.

Ẹ̀yin ọmọ, ilẹ̀ tí ebi ń pa kò jẹ ìtìjú. Egbò tí a bá fi han oníṣègùn nìkan ló lè wò. Ẹni tó bá fi àtíkè pa á mọ́ fún un, òun àti egbò náà ni wọn yóò jọ máa sùn, àwọn ará ilé tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ yóò sì máa gbọ́ òórùn rẹ̀.

Ojú ti Jímọ́ọ̀ títí ìkórè fi kọjá kó tó mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Sìlífátù kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́. Jímọ́ọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àyúbà gbọ́ ọ tán, ó fa ọmọ dìde.

"Ti ọmọ ò le," ó ní. "Ọmọdé náà ni. Ìwọ ni mo fẹ́ bi, Jímọ́ọ̀. Lọ́jọ́ tí oko rẹ kọ̀ láti ṣe dáadáa, nínú gbogbo ohun tó lè ba oko jẹ́ láyé yìí, kí ló dé tó jẹ́ èmi lo kọ́kọ́ rí?"