Ìbéèrè Tí Nàfísátù Kò Fẹ́ Béèrè

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tó jẹ́ epo ẹ́ńjìnnì la máa ń dà sórí iyanrìn yìí? Kí ló dé tí kì í ṣe omi?"

Nàfísátù ló ń béèrè. Ó lóṣòó sórí iyanrìn dúdú tó yí ihò kan ká ní pápá gọ́ọ̀fù kékeré tó wà lẹ́yìn iléeṣẹ́ aṣọ híhun kan ní Ọ̀tà, ó sì ń fìka tọ́ ọ bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Ọ̀gbẹ́ni Fákọ̀yà, tó ń kọ́ àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ ní gọ́ọ̀fù lọ́jọ́ Sátidé, gbójú sókè.

"Omi á gbẹ, afẹ́fẹ́ á sì gbé iyanrìn lọ. Epo ló ń dì í mú. Ṣé ó tán?"

"Ó ku ẹyọ kan, sà. Àwọn òyìnbó tó ni eré yìí, ṣé epo ni wọ́n ń dà sílẹ̀ níbi tiwọn náà?"

Ayọ̀rìndé àti Bùsọ́lá, tí wọ́n jọ ń kọ́ eré náà, bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ti mọ Nàfísátù. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ṣùgbọ́n ìbéèrè ẹnu rẹ̀ á tó tàwọn àgbààgbà mẹ́ta. Bí ìyá rẹ̀ bá rán an ní iyọ̀ lọ́jà Toll Gate ní Ṣàngó, ó di dandan kó kọ́kọ́ béèrè ibi tí wọ́n ti ń wa iyọ̀.

"Ẹ ó fojú ara yín rí i," ni Ọ̀gbẹ́ni Fákọ̀yà wí. "Iléeṣẹ́ ti fọwọ́ sí i, àwọn tó pè wá ló sì ń san owó ọkọ̀. Ẹ̀yin mẹ́ta yìí lẹ ó bá mi lọ sí Skọ́tlándì láti bá àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ díje. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko la ó lò."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu gbogbo wọn. Nàfísátù ló kọ́kọ́ béèrè bóyá Skọ́tlándì jìn tó Mẹ́kà.

Kí n tó máa bá ìtàn lọ, ó yẹ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń gbá gọ́ọ̀fù ní Ọ̀tà nígbà náà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀ wá. Koríko pápá náà gbẹ, kò sì hù dọ́gba. Nítorí náà, iyanrìn tí wọ́n po mọ́ epo ẹ́ńjìnnì àlòkù ni wọ́n tẹ́ yí ihò kọ̀ọ̀kan ká. Ẹsẹ̀ àwọn èèyàn máa ń hú iyanrìn yìí. Kí èèyàn tó yí bọ́ọ̀lù rẹ̀ sínú ihò, yóò kọ́kọ́ fi pátákó tẹ́ ojú ọ̀nà bọ́ọ̀lù náà pẹrẹsẹ, yóò sì fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ibi tó bá wú. Kì í ṣe ojóró rárá. Òfin pápá ni. Nàfísátù ti ṣe é títí débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbàṣẹ lọ́wọ́ orí mọ́.

Ìgbà tí à ń wí yìí ni ìgbà ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tí wọ́n ń pè ní Sáàpù, tí owó náírà ń wálẹ̀ lójoojúmọ́, tí òwú àti aró ilẹ̀ òkèèrè sì wọ́n ju ẹ̀mí lọ. Ìdajì àwọn ẹ̀rọ iléeṣẹ́ náà ti dákẹ́. Wọ́n dá òṣìṣẹ́ púpọ̀ dúró, bàbá Nàfísátù, Mùsílíù Ṣótúndé, tó ti jẹ́ súpáfáísọ̀ àwọn ahunṣọ láti ọjọ́ pípẹ́, sì wà lára wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò lé ọmọ rẹ̀ kúrò ní pápá. Àjákù aṣọ tí ìyá rẹ̀ ń tà ní Toll Gate ni wọ́n fi ń jẹun. Bàbá ti sọ ọ́ láìfi bò: bí sáà yìí bá parí, Nàfísátù yóò fi ilé-ìwé sílẹ̀, yóò lọ kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Adó-Odò.

Ọ̀nà kan péré ló kù. Ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ náà ti ṣèlérí lójú gbogbo èèyàn pé ọmọ tó bá gba ife ẹ̀yẹ bọ̀ láti Skọ́tlándì, iléeṣẹ́ ni yóò rán an níwèé títí dé yunifásítì.

"Nàfísátù," ni bàbá rẹ̀ wí lálẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la tí wọn ó lọ, "ilé-ìwé rẹ wà nínú ife yẹn. Má gbàgbé."

"Mi ò ní gbàgbé, Bàbá."

Ìlú kékeré kan létí òkun ní Skọ́tlándì ni wọ́n gbà wọ́n sí. Ohun àkọ́kọ́ tí Nàfísátù ṣe nígbà tó dé pápá gọ́ọ̀fù wọn ni pé ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ pa ilẹ̀, ó sì gbóòórùn rẹ̀. Koríko ni, títí dé ẹnu ihò! Ó kúnná, ó sì rọ̀ ju kápẹ́ẹ̀tì tó wà ní ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà lọ. Kò sí epo, kò sí pátákó. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé òtútù.

Ìbéèrè wá dé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ta ló ni àwọn àgùntàn tó ń jẹ̀ lẹ́bàá pápá? Kí ló dé tí òjò ibẹ̀ kì í pariwo? Ìgbà tó yá, ó yọ sí Ọ̀gbẹ́ni Fákọ̀yà nínú yàrá ìjẹun.

"Sà, ilẹ̀ ò tíì ṣú, àwọn èèyàn sì ti ń lọ sùn. Tí oòrùn ò bá wọ̀, ìgbà wo ni mo máa kírun Mọ̀gàríbì?"

"Ṣé èmi ni Lèmọ́mù ni?" ni ọkùnrin náà fèsì. "Bi Ìyáàfin Ross."

Ìyáàfin Ross ni ìyá àgbà tó gbà wọ́n sílé, òun kan náà sì ni adájọ́ ìdíje náà. Gẹ̀ẹ́sì ẹnu rẹ̀ ṣòro gbọ́ díẹ̀, àfi kéèyàn fara balẹ̀. Ó sọ aago tí oòrùn máa wọ̀ fún Nàfísátù, ó sì fẹ́ràn ọmọ náà láti ọjọ́ yẹn. Nírọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, bó bá ti gbé tíì síwájú rẹ̀, á wí pé, "Ìbéèrè tòní dà?" Nàfísátù kì í sì í wá ìbéèrè tì.

Nínú gọ́ọ̀fù, ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ níye ìgbà tó kéré jù lọ kó tó gbá a wọ gbogbo ihò tán ló ń borí. Wọ́n ń ro iye tọjọ́ kọ̀ọ̀kan pọ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ fi máa parí, bọ́ọ̀lù Ayọ̀rìndé ti fẹ́ràn inú òkun ju inú ihò lọ, òtútù sì ti mú Bùsọ́lá lọ́wọ́. Ìdíje wá ku Nàfísátù àti ọmọbìnrin ìlú náà kan tó ń jẹ́ Eileen. Iye tàwọn méjèèjì dọ́gba títí dé ihò tó kẹ́yìn.

Afẹ́fẹ́ òkun ń jà lọ́jọ́ náà. Eileen ti ṣe tirẹ̀ tán. Bí Nàfísátù bá lè fi ẹ̀ẹ̀kan péré yí bọ́ọ̀lù rẹ̀ wọlé, òun ló borí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ojú ọ̀nà. Afẹ́fẹ́ ti fẹ́ iyanrìn etíkun díẹ̀ sórí koríko níbẹ̀. Ó fọwọ́ gbá a kúrò. Lákòókò yẹn gan-an ni agbòòrùn Eileen ṣí sódì, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ojú ló yà síbẹ̀. Nàfísátù kò wo ibẹ̀. Koríko wú díẹ̀ lójú ọ̀nà bọ́ọ̀lù rẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó sún sẹ́yìn, ó sì rọra gbá bọ́ọ̀lù náà. Bọ́ọ̀lù gba orí ibẹ̀ kọjá, ó jábọ́ sínú ihò.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀gbẹ́ni Fákọ̀yà bọ́ fìlà rẹ̀, ó jù ú sókè. Ayọ̀rìndé sáré bá Nàfísátù níbi tó ti ń mú bọ́ọ̀lù rẹ̀.

"Nàfí, o ti gbà á! Bó o ṣe tẹ ilẹ̀ yẹn mọ́lẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù, àfi bíi pé Ọ̀tà lo wà."

Nàfísátù dúró. "Ṣé mo tẹ ilẹ̀ ni?"

"O tẹ̀ ẹ́ dáadáa."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé, kò rí ẹnikẹ́ni kó tẹ koríko níbi ihò. Bí Eileen bá rí ewé níbẹ̀, orí ìka ló fi ń mú un, bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Wọn kì í sì í tẹ ojú ọ̀nà bọ́ọ̀lù ara wọn. Kí ló dé?

"Mo fẹ́ lọ béèrè lọ́wọ́ Ìyáàfin Ross," ló wí.

Ayọ̀rìndé di apá aṣọ òtútù rẹ̀ mú. "Má dán an wò. Ta ló rí ẹ? Èmi nìkan ni, èmi náà ò sì rí nǹkan kan. Gbọ́, o ò mọ òfin wọn, ẹni tí ò mọ̀ kò sì jẹ̀bi. Tó o bá béèrè, o máa mọ̀. Tó o bá ti mọ̀, ó ti bà jẹ́ nìyẹn. Buwọ́ lu káàdì tí wọ́n kọ iye tìrẹ sí ná, ká máa lọ sílé."

Ọ̀rọ̀ Ayọ̀rìndé wọlé, kí n má purọ́. Nàfísátù rántí bàbá rẹ̀. Ó rántí Adó-Odò. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí ìbéèrè yóò wà lẹ́nu rẹ̀ tí kò ní fẹ́ kó jáde. Ẹ̀rù bà á gan-an.

Ìyáàfin Ross jókòó sídìí tábìlì lábẹ́ àgọ́. Ó na bírò sí i, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìbéèrè tòní dà?"

"Kò sí, mà."

"Kò sí kẹ̀?"

Nàfísátù gba bírò. Ó gbé e lé orí káàdì. Ọwọ́ rẹ̀ kò kọ nǹkan kan. Ó mọ̀ pé bí kò bá sí ohun tó ń bà á lẹ́rù nínú ìdáhùn náà, ì bá ti béèrè rẹ̀ tipẹ́. Ó gbé bírò sílẹ̀.

"Ó wà, mà. Kí ló dé tí ẹ kì í tẹ koríko níbi ihò yín?"

Ìyá àgbà náà bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ṣé ẹnì kan tẹ̀ ẹ́ ni?"

"Èmi ni, mà. Ní ìsinsìnyí." Ó sì ṣàlàyé iyanrìn, epo, àti pátákó Ọ̀tà fún un.

Ìyáàfin Ross gbọ́ ọ dópin. "Gbogbo wa la jọ ń gbá orí koríko kan náà," ló wí. "Bí ìwọ bá tún tìrẹ ṣe kó o tó gbá a, pápá tìrẹ ti yàtọ̀ sí ti Eileen. Ìdí rẹ̀ nìyẹn. Òfin ní ká fi ìgbà méjì kún iye tìrẹ. Ká ní o ti buwọ́ lù ú ni, ǹ bá pa orúkọ rẹ rẹ́ pátápátá."

Bí ife ẹ̀yẹ ṣe bọ́ sọ́wọ́ Eileen nìyẹn. Nàfísátù bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó kí i kú oríire, ó sì lọ sẹ́yìn àgọ́, ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú.

Inú ọkọ̀ òfuurufú ni Ọ̀gbẹ́ni Fákọ̀yà tó bá a sọ̀rọ̀. "Ẹ̀bi mi ni. Èmi olùkọ́ ló yẹ kí n kìlọ̀ fún yín. Èmi náà ò béèrè."

Iléeṣẹ́ kò yí ohùn padà. Ọ̀gá àgbà ní, "Ife ẹ̀yẹ la sọ, a ò sọ ìtàn." Nígbà tí Bàbá gbọ́, ó bínú kọjá ààlà. Kò lù ú, ṣùgbọ́n kò dáhùn ìkíni rẹ̀ mọ́, ìyẹn sì dun Nàfísátù ju ẹgba lọ. Ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Sáà parí. Nàfísátù bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù Adó-Odò. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Bàbá wá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá.

"Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò rí ẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ká ní o ò béèrè ńkọ́?"

Nàfísátù gbé aṣọ tó ń ká sílẹ̀. "Ife yẹn ì bá wà nínú ilé yìí, Bàbá. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bi mí nípa rẹ̀, àyà mi á máa já. Mi ò fẹ́ di ẹni tó ń sá fún ìbéèrè."

Bàbá wọlé. Ó jókòó sórí àpótí.

"Ògúndèjì ọ̀rẹ́ mi ń kọ́lé fáwọn èèyàn ní Ìjókòó. Ó ti ń pè mí láti ọjọ́ yìí pé kí n wá máa bá òun ru búlọ́ọ̀kù. Mo ní súpáfáísọ̀ ni mí, iṣẹ́ lébìrà ò yẹ mí. Irọ́ ni mò ń pa. Ojú ló ń tì mí." Ó nu ojú rẹ̀. "Ìwọ ọmọdé, ojú tì ọ́ láàárín àwọn èèyàn tó ò mọ̀ rí, o sì sọ òtítọ́. Ta ni èmi wá ń tijú fún? Tú ẹrù yẹn. Ilé-ìwé lò ń padà sí. Èmi ń lọ bá Ògúndèjì."

Nàfísátù padà sílé-ìwé, òun náà sì ń ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ lọ́jà lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Kò rọrùn fún wọn, ṣùgbọ́n ó ka ìwé rẹ̀ yanjú.

Àwọn àgbà ní ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Àìmọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ẹ̀rù ìdáhùn ni kò jẹ́ ká béèrè, a kò lè sọ pé a kò mọ̀ mọ́.