Ìhà Tí Oòrùn Wà

Ẹ bi mí bó ṣe wù yín, ọ̀rọ̀ mi kò ní í yí padà: ìṣojú mi ló ṣe, ọwọ́ mi ni mítà sì wà. Fọ́tò yíyà ni iṣẹ́ mi l'Ọ́wọ̀. Mítà yẹn, ike kékeré tó ń fi nọ́ńbà sọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó, kò tàn mí jẹ rí. Àwọn oníbàárà mi ló máa ń tàn mí.

Ní oṣù kejì ọdún yìí, Dominic pè mí wá sí Isuada. Ó fẹ́ mú ìyá rẹ̀ lọ máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Àkúrẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú ni Màmá ti ń kọ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ni, àmọ́ ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ ya òun ní fàràǹdà, lórí bẹ́ǹṣì tí òun àti ọkọ òun máa ń jókòó sí.

Màmá jókòó. Oòrùn ń tàn sí i lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún. Kò sí igi níbẹ̀, kò sí kọ́tìnì. Mo gbé mítà síbi ògiri: mẹ́rìndínlógún. Mo gbé e sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Màmá: mẹ́rin.

Mẹ́rin kẹ̀? Ìmọ́lẹ̀ inú òjìji nìyẹn. Mo pààrọ̀ bátìrì. Mẹ́rin. Mo ní kí Màmá sún sápá òsì díẹ̀. Mẹ́rìndínlógún. Mo mí kanlẹ̀. Kí n tó gbé kámẹ́rà, mo tún wò ó. Mẹ́rin.

Òjìji náà ti sún tẹ̀lé e.

Mo gbé fláàṣì dúró sí ìhà oòrùn gan-an. Mítà mi lè ya ti fláàṣì sọ́tọ̀ kúrò lára ti oòrùn. Mo tan án. Níbi ògiri, mọ́kànlá. Lẹ́rẹ̀kẹ́ Màmá, mọ́kànlá. Fláàṣì ń kọjá. Oòrùn nìkan ni nǹkan ń dí lọ́nà.

"Kí ló dé, Naimat?"

"Mítà ni, mà. Ó ní òjìji bò yín."

"Lọ́wọ́ ọ̀tún?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Kò yà á lẹ́nu. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Bàbá Dominic nìyẹn, ọma mi. Ìhà tí oòrùn wà ló máa ń wà. Ogójì ọdún, kò jẹ́ kí oòrùn pa mí." Ó di ọwọ́ mi mú. "Ta ni mo fẹ́ fi í sílẹ̀ fún?"

Àánú rẹ̀ ṣe mí ju ẹ̀rù lọ. Mo fi fláàṣì ya fọ́tò náà.

Nígbà tí Màmá wọ ẹ̀yìn mọ́tò Dominic, ó jókòó ti ilẹ̀kùn. Oòrùn kún gbogbo ìjókòó.

"Bá mi wò ó," ló wí.

Mẹ́rìndínlógún. Ó rí i lójú mi. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ dúró ná, mà." Mo sáré padà sí fàràǹdà, mo gbé mítà káàkiri orí bẹ́ǹṣì. Mẹ́rìndínlógún, láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun.

"Kò sí níbẹ̀ mọ́, mà!"

Màmá ronú díẹ̀. Ó wá gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ padà, ó sún wọnú lọ, ó fi ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn sílẹ̀ lófìfo.

"Àyè rẹ̀ ni mo jókòó sí," ló wí.

Mo padà sídìí mọ́tò, mo na mítà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Mẹ́rin.

Dominic dé, ó fẹ́ pa ilẹ̀kùn.

"Rọra tì í," ni Màmá wí. "Má fi gbá bàbá rẹ."

Dominic wo àyè tó ṣófo náà. Ó wò mí. Mo fi mítà hàn án.

Ó rọra tì í.