Kọ́ Ọ Ná Kí O Tó So Ara Rẹ Mọ́ Ẹ̀fúùfù

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ìrẹsì ọjọ́ Jímọ́ọ̀ tán ni. Suwaibat ń ko àwo, Aasiyah ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ń lá ìka, nígbà tí Hussain, baba ọmọ, gbé àpò gbọọrọ kan wọ pálọ̀. Àpò náà gùn ju Aasiyah lọ.

Jeddah ni wọ́n ń gbé. Suwaibat jẹ́ dókítà àwọn ọmọdé, Hussain sì jẹ́ ẹnjiníà níbi tí wọ́n ti ń sọ omi òkun di omi mímu. Àwọn méjèèjì ló kàwé. Ẹ má rò pé àìkàwé ló fa ohun tó ṣẹlẹ̀ o.

"Kí ló wà nínú ìyẹn?" Suwaibat béèrè.

"Káìtì ni!" Ẹ̀rín gba gbogbo ojú Hussain. "Àwọn tí ẹ̀ ń rí lójú òkun yẹn, tí wọ́n ń fò bí ẹyẹ. Èmi náà ti rà á. Ìrọ̀lẹ́ òní ni mò ń gbé e wọ omi."

Fún ẹni tí kò bá tíì rí i rí, káìtì yìí kì í ṣe èyí tí àwọn ọmọdé ń fi bébà àti ìgbálẹ̀ ṣe nílé. Aṣọ ńlá ni, ó fẹ̀ ju yàrá lọ. Èèyàn á fi bẹ́líìtì àti okùn so ó mọ́ ìbàdí, á di ọ̀pá tó ń darí rẹ̀ mú, á dúró lórí pátákó, ẹ̀fúùfù á wá máa wọ́ ọ lọ lójú omi. Ó dùn-ún wò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó lè fa géńdé lójú omi, ó lè gbé géńdé lu òkúta.

"Ta ló kọ́ yín?"

"Kọ́ mi ní kí ni?"

"Bí wọ́n ṣe ń gùn ún, Bàbá Aasiyah."

"Abdulateef ti fi fídíò hàn mí lórí fóònù. Fídíò lòun náà wò, ó sì ń gùn ún." Abdulateef yìí jẹ́ àbúrò rẹ̀ níbi iṣẹ́, ọmọ Yorùbá bíi tiwọn.

"Ẹni tó tà á fún yín ńkọ́? Kò bi yín bóyá ẹ mọ̀ ọ́n gùn?"

"Ó bi mí bóyá pupa ni mo fẹ́ tàbí aláwọ̀ ewé."

Suwaibat gbé àwo kalẹ̀ gbàgà. Ẹ gbọ́ irú ọ̀rọ̀! Oògùn ikọ́ lásán, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní tà á láì béèrè ọdún tí ọmọ jẹ́. Èyí tó lè gbé baba ọmọ kúrò nílẹ̀, àwọ̀ ni wọ́n ń béèrè! Inú bí i dé orí.

"Àwọn tó ń kọ́ èèyàn wà létí òkun níbẹ̀. Ẹ lọ kọ́ ọ ná."

Hussain rẹ́rìn-ín. "Èmi ọmọ Ìlàjẹ? Èmi tí wọ́n bí sórí omi? Ṣé wọ́n máa ń kọ́ ẹja bó ṣe máa lúwẹ̀ẹ́ ni?"

"Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru."

"Ìyẹn fún ẹ̀yin ará Ìlọrin tí ẹ ò rí omi ju odò Asà lọ."

Ó fi í ṣe ẹ̀fẹ̀, Aasiyah sì rẹ́rìn-ín. Suwaibat kò rẹ́rìn-ín. Ó bá wọn lọ, nítorí kò fẹ́ kí ọmọ òun wà níbẹ̀ láìsí òun.

Nígbà tí wọ́n dé etí òkun, Abdulateef ti ń dúró dè wọ́n. Àwọn ìdílé ti tẹ́ ẹní káàkiri orí yanrìn, wọ́n ń mu tíì. Bí ọkùnrin méjèèjì ṣe ń tú okùn káìtì ni ọmọbìnrin kan rìn wá bá wọn. Razan lorúkọ rẹ̀, ọmọ Jeddah ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kíkọ́ èèyàn ní káìtì. Ọ̀bẹ kékeré kan tó tẹ̀ bí ìwọ̀ wà lára bẹ́líìtì rẹ̀.

Ó kí wọn, ó sì béèrè lédè Lárúbáwá pé, "Ta ni olùkọ́ yín?"

Hussain nawọ́ sí Abdulateef.

"Ìwọ ńkọ́, ta ló kọ́ ìwọ?"

Abdulateef gbọn èjìká. Ó ní òun mọ̀ ọ́n, ó tán.

"Ẹ jọ̀ọ́," Razan wí, "ojú òkun ni ẹ̀fúùfù òní ti ń fẹ́ bọ̀ wá sórí ilẹ̀. Bí káìtì bá borí yín, kò ní gbé yín sínú omi, ọ̀dọ̀ àwọn tó jókòó sórí ẹní yìí ló máa gbé yín lọ. Ẹ má gbé e sókè níbí. Ẹ wá kọ́ ọ lọ́la, pẹ̀lú èyí tó kéré."

"Arábìnrin, ṣé dandan ni kí n kọ́ ọ ni?"

Razan wò yíká. Kò sí òṣìṣẹ́ etíkun kankan nítòsí. "Lójú tèmi, dandan ni. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó máa dá yín dúró níbí lónìí, èmi náà ò sì lè dì yín mú."

"Ó parí nìyẹn," Hussain wí.

Ó parí nìyẹn! Ọ̀rọ̀ yẹn dun Suwaibat ju èébú lọ. Ó fa Aasiyah sẹ́yìn títí dé ibi tó rò pé kò séwu, òun fúnra rẹ̀ sì padà sún síwájú díẹ̀ láti máa wò wọ́n. Ọmọ náà dúró lórí ẹní, ó ń pàtẹ́wọ́, ó ń ké pé, "Yallah, Bàbá! Ó yá!"

Hussain de bẹ́líìtì káìtì mọ́ ìbàdí, Abdulateef gbé káìtì sókè, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Káìtì náà ròkè lọ rọra, gbogbo èèyàn ń wò ó. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀fúùfù tó le kan dé. Ẹsẹ̀ Hussain kúrò nílẹ̀.

"Síbha! Síbha!" ni Razan ń pariwo bó ṣe ń sáré bọ̀, ìyẹn ni pé kó tú u sílẹ̀.

Hussain gbọ́. Ó gbọ́ Lárúbáwá dáadáa. Ṣùgbọ́n láti kékeré, nínú ọkọ̀ bàbá rẹ̀, òfin kan ni wọ́n fi tọ́ ọ: bí okùn bá fà, má tú u. Ọmọ apẹja tó bá jẹ́ kí okùn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló febi pa ará ilé. Nítorí náà, bí ẹ̀rù ṣe ń bà á tó ló ń di ọ̀pá náà mú tó, ó sì ń fà á mọ́ àyà. Bẹ́ẹ̀, bí a bá fa ọ̀pá káìtì mọ́ra, agbára là ń fi kún un.

Káìtì náà gbé e, ó là á mọ́lẹ̀. Ó tún gbé e. Ó wọ́ ọ kọjá lórí yanrìn, àwọn èèyàn ń sá, tíì ń dà nù. Suwaibat rí i pé ọ̀dọ̀ Aasiyah ló ń bọ̀. Ó sáré, ó nawọ́, ọwọ́ rẹ̀ kò tó ọmọ. Okùn káìtì ti wé mọ́ ẹsẹ̀ Aasiyah, ó sì ń wọ́ òun náà lọ.

Igbe tí ọmọ yẹn ké, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ìyá kankan gbọ́ irú rẹ̀. Razan fò lé okùn náà, ó yọ ọ̀bẹ rẹ̀, ó gé e. Ó tún dé ọ̀dọ̀ Hussain, ó ti ohun pupa kan lára bẹ́líìtì rẹ̀, káìtì náà sì rọ wọ̀ọ̀ sílẹ̀. Ohun pupa yẹn ti wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Hussain kò mọ ohun tó wà fún.

Eegun èjìká Hussain ṣẹ́. Okùn gé ẹsẹ̀ Aasiyah, ó kù díẹ̀ kó dé eegun. Dókítà ni Suwaibat, ó ti rán ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ó ní kí ẹlòmíràn rán ti ọmọ òun.

Lọ́jọ́ kejì, Àlàájì Sàkáríyà wá kí wọn ní ọsibítù. Àgbàlagbà ni, olórí àsàlátù àwọn Yorùbá ní Jarwal ní Mẹ́kà. Òun ló máa ń ṣètò bọ́ọ̀sì tó ń kó àwọn àlàájì láti pápá ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Mẹ́kà. Ó bá Abdulateef lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Hussain, wọ́n ti gbé ti Aasiyah sún mọ́ ọn.

"Kádàrá ni, ọmọ mi," Àlàájì wí fún Suwaibat. "Ohun tí Ọlọ́run bá ti kọ, kò sẹ́ni tó lè pa á rẹ́."

"Àlàájì, ẹ forí jì mí." Ohùn Suwaibat ti lọ sókè. "Ọlọ́run kọ́ ló ta káìtì fún un láì bi í léèrè. Ọlọ́run kọ́ ló ní kó má lọ kọ́ ọ. Ọlọ́run rán ọmọbìnrin kan sí i kó kìlọ̀ fún un, ó ní ó parí nìyẹn! Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má pe àìkọ́ṣẹ́ ní kádàrá lójú mi."

"Ẹ ní sùúrù, Ìyá Aasiyah," Abdulateef dá sí i. "Eré ìdárayá ni. Bí wọ́n bá sọ ẹ̀kọ́ di dandan, agbára ọ̀pọ̀ èèyàn ò ní ká a mọ́. Oníkálukú ló sì ni ara rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi tirẹ̀ wéwu, ẹ jẹ́ kó fi wéwu."

Suwaibat ṣí aṣọ kúrò lórí ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀. "Ara ta nìyí, Abdulateef? Ṣé ara Hussain nìyí?"

Suwaibat yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ sí àgbàlagbà náà.

"Àlàájì, ẹ dákun, ẹ dá mi lóhùn. Bí awakọ̀ kan bá wá bá yín, tó ní fóònù lòun ti wo bí wọ́n ṣe ń wa bọ́ọ̀sì, ṣé ẹ máa kó àwọn àlàájì yín fún un kó gbé wọn gba ọ̀nà Bahra lọ sí Mẹ́kà?"

"Áà! Láéláé!"

"Bó bá ní ọmọ ẹlẹ́ṣin lòun ńkọ́?"

Àgbàlagbà náà mi orí. "Ẹṣin kọ́ ni bọ́ọ̀sì," ó wí. "Mo ti gbọ́ ọ, ìyá. Òótọ́ lo sọ."

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí Razan fi wọlé wá wo ọmọ. Hussain kò lè gbójú sókè wò ó.

"Mo di okùn mú," Hussain wí. "Bí bàbá mi ṣe kọ́ mi ni mo ṣe é. Kí ló dé tí kò gbà?"

"Ẹja ló wà lẹ́nu okùn bàbá yín," Razan dáhùn. "Ó máa ń rẹ ẹja. Kì í rẹ ẹ̀fúùfù." Ó jókòó. "Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ẹ̀kọ́ wa, ẹnikẹ́ni kì í wọ omi. Orí yanrìn la máa ń wà, pẹ̀lú káìtì kékeré, ohun tí a sì máa ń kọ́kọ́ kọ́ni ni bí èèyàn ṣe ń tú u sílẹ̀. A ó ṣe é títí ọwọ́ á fi máa ṣe é fúnra rẹ̀. Ẹni tó ti mọ omi ló máa ń le fún jù, torí ọwọ́ rẹ̀ ti kọ́ nǹkan mìíràn. Bí owó bá ṣòro, èèyàn mẹ́ta lè pín olùkọ́ kan. Ṣùgbọ́n kí ẹnì kan ní òun ò ní kọ́ ọ rárá, ìyẹn ni kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbà."

Hussain na ọwọ́ rẹ̀ tí kò fara pa sí Aasiyah, ó fẹ́ fọwọ́ kàn án lórí. Ọmọ náà fà sẹ́yìn. "La, Bàbá, rárá," ó wí, ó sì fi ojú pamọ́ sára ìyá rẹ̀.

Hussain bú sẹ́kún níwájú gbogbo wọn. "Kí wọ́n sọ ọ́ di dandan," ó wí. "Ká ní wọ́n dá mi dúró lánàá, ǹ bá bínú sí wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ì bá ṣì jẹ́ kí n fọwọ́ kan òun."

Ẹ̀yin èèyàn wa, níbikíbi tí òkun bá ti wà nítòsí yín, ẹ gbọ́. Káìtì kì í ṣe ohun tí a ń fi fídíò kọ́. Ẹ wá olùkọ́ tó níwèé ẹ̀rí kí ẹ tó ra ohunkóhun. Ẹ kọ́ bí a ṣe ń tú u sílẹ̀ kí ẹ tó kọ́ bí a ṣe ń gbé e sókè, ẹ sì má gbé e sókè níbi tí èèyàn jókòó sí, pàápàá bí ẹ̀fúùfù bá ń fẹ́ wá sórí ilẹ̀. Ẹ mú ọ̀bẹ tó ń gé okùn dání.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tà á, ojú tì yín bó bá jẹ́ àwọ̀ nìkan lẹ̀ ń béèrè! Ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí. Ẹ̀yin aláṣẹ etíkun, ẹ jẹ́ kí ẹ̀kọ́ di dandan fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi òṣìṣẹ́ síbẹ̀ tó lè sọ pé rárá.

Ìwọ tí wọ́n bá sì dá dúró lọ́jọ́ kan pé o ò tíì kọ́ ọ, bínú bó bá wù ọ́, ṣùgbọ́n ká okùn rẹ kí o padà sílé. Ẹni tó bá fi ìbínú padà sílé, ọmọ rẹ̀ á ṣì sáré wá dì mọ́ ọn lẹ́nu ọ̀nà.