Oògùn Ìwádìí Kì Í Ṣe Ohun Àjọpín

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ní oṣù kẹta ọdún 2006, Adéníran, télọ̀ kan ní Ìkòsí, jókòó síwájú ilé, ó ń fi àlùmọ́gàjí gé hóró oògùn sí méjì. Shittu, wẹ́dà ní Owódé Onírin, jókòó tì í, ó di ife omi mú.

Ọdún 1983 ni àwọn méjèèjì gba yàrá tó kọjú síra nínú ilé náà. Láti ìgbà yẹn, ohun tó bá wọ yàrá ọ̀kan, ìdajì rẹ̀ ni ti èkejì. Nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Shittu fún oṣù méje ní 1986, gaàrí Adéníran ló ń bá a jẹ.

"Wò ó dáadáa kí o tó gé e," ni Shittu wí. "Ti àná, tìẹ tóbi ju tèmi lọ."

"Ẹni tó ń gba ọ̀fẹ́ tún ń wọ̀n ọ́n! Ìgbà mélòó lo jí tọ̀ ní àná?"

"Ìgbà mẹ́fà."

"Àìsàn kan náà ni. Gbé e mì jàre."

Keziah, ọmọ Adéníran, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Gbàgádà, ló ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀.

"Daddy! Ṣé oògùn ìwádìí yẹn lẹ ń gé?"

Ní oṣù kìíní ni dókítà ti rí jẹjẹrẹ ní pirositéètì Adéníran, ẹ̀yà ara kékeré tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin. Ó sì gbà láti wà lára àwọn tí ilé ìwòsàn fi ń wádìí ìtọ́jú tuntun.

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe?" ni bàbá rẹ̀ dáhùn. "Kí n máa jẹ oògùn, kí ọ̀rẹ́ mi máa wò mí lẹ́nu?"

Keziah jókòó. Kò pariwo.

"Daddy, ẹ̀yin fúnra yín ò mọ̀ bóyá oògùn tuntun ni wọ́n fún yín tàbí èyí tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é, kí wọ́n lè mọ èyí tó dára jù. Ẹ ti wá sọ ìtọ́jú yín di ààbọ̀. Uncle Shittu, ta ló sọ fún yín pé jẹjẹrẹ ni tiyín? Pirositéètì lè wú lásán. Oògùn yìí sì lè pa yín lára."

Shittu gbé ife sílẹ̀. "Ṣé kí n wá lọ fún wọn ní ara mi ni? Ṣé adìẹ ni mí tí wọ́n á máa dán oògùn wò lára mi?"

"Ẹ̀rù ba èmi náà," ni Adéníran wí. "Àmọ́ wọ́n ní kí n mú ìwé wọn wálé, kí n rò ó. Wọ́n ní mo lè kúrò nígbà tó bá wù mí, wọn ò sì ní torí ẹ̀ pa ìtọ́jú mi tì." Ó wo ilẹ̀. "Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo ti ń gé e. Bí mo bá sọ, ṣé wọn ò ní lé mi?"

"Mi ò mọ̀, Daddy. Ṣùgbọ́n bí ẹ ò bá sọ, wọn ò ní mọ bí wọ́n ṣe máa tọ́jú yín."

Ní ọjọ́ kejì, àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì jọ lọ sí ilé ìwòsàn. Adéníran sọ gbogbo rẹ̀. Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó sì ní ọ̀rọ̀ náà kò tíì bàjẹ́, wọn ò ní lé e, kí ó máa jẹ odindi oògùn lọ.

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ Shittu náà wò, wọ́n sì mú ẹran díẹ̀ lára pirositéètì rẹ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí èsì tó jáde: jẹjẹrẹ ni, ṣùgbọ́n kò tíì tàn.

Ìwádìí tí Adéníran wà nínú rẹ̀ kò bá irú àìsàn Shittu mu. Dókítà sọ fún un nípa òmíràn ní ilé ìwòsàn mìíràn. Shittu mú ìwé rẹ̀ wálé, Keziah ka gbogbo rẹ̀ fún un ní Yorùbá. Ìbéèrè mẹ́sàn-án ni Shittu bi wọ́n ní ilé ìwòsàn náà kí ó tó fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá wa, bí ìtọ̀ bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò. Bí ó bá jẹ́ jẹjẹrẹ, ẹ bi dókítà yín bóyá ìwádìí kan wà tó bá tiyín mu, àti bóyá ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ti fọwọ́ sí i. Ẹ béèrè ewu tó wà níbẹ̀. Ẹ lè gbà, ẹ sì lè kọ̀. Ẹ má ṣe fi ohun tí ẹ ń lò pamọ́ fún dókítà, ì báà jẹ́ àgbo. Bí ẹ bá fẹ́ràn ọ̀rẹ́ yín, ẹ má bu oògùn yín fún un. Ẹ sìn ín dé ilé ìwòsàn.